Ọwọ́ Tó Ń Fọṣọ Ló Ń Gbé Ife

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dúró níwájú ilé mi ní Òkè-Sópẹ̀n láti bi mí pé iṣẹ́ wo ló dáa kí èèyàn ṣe, ẹ jókòó. N ó sọ ohun tí ojú mi rí. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé n ó sọ pé iṣẹ́ kan dáa ju èkejì lọ, nítorí méjì ni mo ṣe pọ̀, nígbà mìíràn mi ò sì mọ èyí tí mò ń ṣe nínú méjèèjì. Alágbàfọ̀ ni mí. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà sì ni mí, irú èyí tí ìjọ kì í san owó oṣù fún, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń bọ́ ara rẹ̀. Láti Mọ́ńdè títí di Sátidé, èmi ni mò ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ àwọn èèyàn. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, mo tún ń sọ fún àwọn èèyàn kan náà pé kí wọ́n lọ fọ ọkàn wọn. Mo ti fẹ̀yìntì nínú méjèèjì báyìí. Eékún ló lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ àkọ́kọ́, òfin ìjọ lórí ọjọ́ orí ló gba èkejì lọ́wọ́ mi. Ẹnu nìkan ló kù, ìyẹn kò sì tíì fẹ̀yìntì.

Olùkọ́ ni bàbá mi fẹ́ kí n dà. Ìdánwò ló kọ̀. Nígbà tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Sàlámì, alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Àtìkòrí. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àkókò rárá. Wọ́n gbé ẹlẹ́rìndòdò síwájú rẹ̀, ó wo èékánná ọwọ́ mi, ó ní kí n lọ gé e kí n tó padà wá. Mùsùlùmí òdodo ni ọ̀gá mi. Ó máa ń sọ pé ìmọ́tótó ni ìdajì ìgbàgbọ́, àti pé ìdajì tó kù ni kí aṣọ oníbàárà jáde lọ́jọ́ tí a dá fún un. Ní gbogbo ọdún tí mo lò nínú ìjọ, mi ò tíì rí bíṣọ́ọ̀bù tó le tó o.

Odidi ọdún kan ni mo lò kí n tó fọwọ́ kan ọṣẹ. Ewúrẹ́ ni mò ń lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra sítáàṣì inú agolo lónìí kò lè mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin onígàrí la ti ń lọ gba omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún, a ó jẹ́ kó silẹ̀, a ó sè é, òun la ó fi mú kí aṣọ gan. Ẹ̀yin náà sì mọ ọwọ́ tí ewúrẹ́ fi mú ẹ̀gẹ́. Lójú ewúrẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣẹ́ẹ̀tì tí a fi sítáàṣì sí tí a sá sórí okùn, oúnjẹ tí wọ́n gbé kọ́ dè é ni. Nítorí náà, èmi tí bàbá mi fẹ́ kí n kọ́ ọmọ níwèé, igi ni mo mú lọ́wọ́ tí mò ń ṣọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá tòògbé pẹ́nrẹ́n, Ọ̀gá Sàlámì á bi mí bóyá èmi ni n ó ra kọ́là tuntun fún oníṣẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn ewúrẹ́ ló kan áyọ́ọ̀nù elédùú. Tí o bá kó iná jù sí i, ó jó aṣọ. Tí o bá kó o kéré, aṣọ kò ní gún. Tí o bá fẹ́ ẹ sọ́nà tí kò yẹ, eérú á dà sórí aṣọ funfun, o ó sì tún fọ̀ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó le jù lọ ni ti omi fífọ́n. A kò ní ike tí ẹ̀yin ń tẹ̀ tó ń ṣe ṣíì lónìí. Ẹnu la fi ń ṣe é. O ó bu omi sẹ́nu, o ó fọ́n ọn sórí aṣọ kí áyọ́ọ̀nù tó kàn án, omi náà sì gbọ́dọ̀ wẹ́lẹ́. Ara ògiri lọ̀gá mi ti kọ́kọ́ ní kí n máa fọ́n ọn. Òun á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, á máa wo bí omi ṣe ń ṣàn wálẹ̀. "Òjò ni wo rọ̀ yẹn," á wí. "Ìrì ni mo ní kí wo sẹ̀." Nígbà tí mo ṣe ìrì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò yìn mí o. Ó kàn gbé ṣòkòtò kan lé mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí omi bá ti wà lẹ́nu mi tí ojú mi sì rí aṣọ tó rún, ẹnu mi kì í béèrè àṣẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ rántí èyí, nítorí ó kó bá mi lẹ́yìn ọ̀la.

Òfin méjì ni ọ̀gá mi kò fi ṣeré. Èkíní ni pé alágbàfọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ oníbàárà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ayé ló mọ alágbàfọ̀ tó fi agbádá olóyè lọ sí ìsọmọlórúkọ tó sì bá olóyè náà níbẹ̀. Èkejì ni ti ẹnu. Lọ́jọ́ kan, a ń to aṣọ, mo rí nǹkan kan lára aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin ńlá kan láàárín ìlú, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣòkòtò jín-ìn-sì tó rin gbingbin ló wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Sàlámì. Òun ló fi nà mí lẹ́yìn. Ó ní ohun tí mo bá rí lára aṣọ, inú omi ni kí n jù ú sí, nítorí omi ò lẹ́nu. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní tèmi, ẹ̀yìn ló kó o bá. Mi ò tún fi aṣọ ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí mo gbòmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Òkè-Sópẹ̀n, mo fẹ́ Ìyá Túndé, a bímọ. Òwú ni mo fi ń sàmì sí aṣọ: oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ lẹ́yìn kọ́là tàbí létí aṣọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mò ń ka Bíbélì, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé, bí Fíkà, àlùfáà àgbà ìjọ wa, bá sì rìnrìn-àjò, èmi ni mò ń darí ìsìn. Nígbà tó yá, bíṣọ́ọ̀bù sọ pé àwọn ìjọ kéékèèké pọ̀ ní ìgbèríko tí kò lágbára àti bọ́ àlùfáà, pé òun ń wá àwọn tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n lè máa sin Ọlọ́run láìgba owó oṣù. Fíkà wa dárúkọ mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ ara mi. Mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn, Sátidé sí Sátidé, títí tí mo fi yege. Ìdánwò tó kọ̀ mí léwe gbà mí nígbà tí irun mi ń funfun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ lé mi lórí.

Kí wọ́n tó fi èèyàn jẹ àlùfáà, wọ́n máa ń kó àwọn tó fẹ́ joyè jọ fún ìgbà díẹ̀ láti gbàdúrà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ilé kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n kó wa sí. Fèrèsé yàrá àdúrà náà sì dojú kọ ẹ̀yìnkùlé mi gan-an, níbi tí okùn ìsáṣọ mi wà. Ẹni tó ń darí wa ni Áṣídíákónì, olórí àwọn àlùfáà ẹkùn wa, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ dún bí agogo. Ó ní láti ìgbà tí a bá ti wọlé títí di àárọ̀ ọjọ́ ìfijoyè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ la ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ní bí òrùlé bá tilẹ̀ ń wó, kí a dorí kodò.

Èmi ni mo gba sọ́pílíìsì gbogbo wa fọ̀, aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ tí àlùfáà ń wọ̀ sórí kásọ́ọ̀kì, ẹ̀wù gígùn abẹ́ rẹ̀. Áṣídíákónì pẹ̀lú kó tirẹ̀ fún mi. Torí ó jẹ́ ọjọ́ ńlá, mo lọ wá sítáàṣì ẹ̀gẹ́ gidi bíi ti ayé àtijọ́. Mo fọ̀ wọ́n, mo rì wọ́n sínú sítáàṣì, òjò dé, wọn ò gbẹ. Mo ní kí Ìyá Túndé sá wọn bí oòrùn bá yọ, mo wọlé àdúrà lọ.

Oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì. Mo gbójú sókè láti orí ìkúnlẹ̀, mo rí sọ́pílíìsì wa tí wọ́n tò lórí okùn, tí wọ́n funfun bí ẹyẹ lékeléke, inú mi dùn. Mo tún gbójú sókè, mo rí òbúkọ. Ti aládùúgbò wa ni, òbúkọ dúdú tí kò gbọ́ràn sẹ́nikẹ́ni lẹ́nu. Ìyá Túndé ti lọ pọn omi. Òbúkọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbórí sókè, ó mú apá sọ́pílíìsì tó gùn jù lọ. Ti Áṣídíákónì ni.

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo fi ọwọ́ kan ẹni tó kúnlẹ̀ tì mí. Ó rò pé mo fẹ́ ká di ara wa lọ́wọ́ mú, ó sì dì mí mú gírígírí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí fèrèsé. Mo mi orí. Mo gbọ̀n. Áṣídíákónì la ojú kan, ó rí mi, inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó rò pé Ẹ̀mí ti bà lé mi. Ó dìde, ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí mi, ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ó di ojú rẹ̀. Bí mo bá ti ń gbìyànjú láti dìde, bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ̀ mí. Abẹ́ apá rẹ̀ ni mo ti ń wo òbúkọ. Ó jẹ ọrùn ọwọ́, ó jẹ ìgúnpá, ó ń lọ sí èjìká. Ọwọ́ Áṣídíákónì kò kúrò lórí mi títí òbúkọ fi jẹ apá náà tán.

Nígbà tí Áṣídíákónì lajú, mo tún nawọ́ sí fèrèsé. Ó wò. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rú òfin ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

"Ṣé o rí i látìbẹ̀rẹ̀?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

Mo wò ó. Òun náà wò mí. Ó ní ká máa bá àdúrà lọ.

Ìyá Túndé ló gbà wá sílẹ̀. Ó wá aṣọ ìrọ̀rí funfun kan, ó gé e, ó rán an mọ́ ibi tí apá wà. Òdòdó pupa kan wà lára aṣọ ìrọ̀rí náà tí kò rí bó ṣe fẹ́ yọ ọ́ láìya á. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí jẹ àlùfáà, ìgbàkígbà tí Áṣídíákónì bá gbé apá sókè láti súre fún ìjọ, òdòdó pupa á yọ níbi ìgúnpá rẹ̀. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì rò pé oyè tuntun ni wọ́n fi jẹ. Ọ̀gá Sàlámì náà wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Lẹ́yìn ìsìn, ó fi ọwọ́ pa sọ́pílíìsì mi lára, ó ní, "Alhamdulilahi. Sítáàṣì rẹ dáa. Òbúkọ ulé yín mọ nǹkan." Ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó yìn mí.

Bí mo bá ní jàǹbá parí síbẹ̀, irọ́ ni mo pa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dúró nídìí pẹpẹ gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ohun gbogbo ń lọ déédéé títí ìdàpọ̀ mímọ́ fi parí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Áńgílíkà mọ̀ pé lẹ́yìn ìdàpọ̀, àlùfáà a máa bu omi sínú ife, á ṣàn án, á sì mu omi náà, kí ohunkóhun má ṣẹ́ kù. Mo da omi sẹ́nu. Kí n tó gbé e mì, ojú mi bọ́ sórí aṣọ pẹpẹ. Ó rún níbì kan. Ẹ̀yin ará, ẹnu mi kò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo fọ́n ọn. Ìrì dáadáa ni, Ọ̀gá Sàlámì ì bá fọwọ́ sí i. Ó bo aṣọ pẹpẹ, ó bo ìwé àdúrà, ó bo Fíkà tó dúró lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo sì ti fi àtẹ́lẹwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í na aṣọ náà kí n tó rántí ibi tí mo wà. Akọrin kan ní àárín àwọn tẹ́nọ̀ kó sábẹ́ ìjókòó, kò jáde títí ìsìn fi parí.

Àwọn ará ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n dárí jì mí. Ẹnì kan ni kò rẹ́rìn-ín. Màmá Tíṣà ni, Ìyá Ìjọ wa, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tó kọ́ mi ní A, B, D tó sì nà mí nítorí rẹ̀. Opó ni. Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì nínú àwọn tó kọ́ ọ. Láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi mí jẹ àlùfáà, Màmá Tíṣà kò kó aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, bẹ́ẹ̀ oníbàárà mi ni wọ́n látìgbà pípẹ́. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ìdàpọ̀. Fíkà ló máa ń pín àkàrà, èmi ni mò ń gbé ife tẹ̀ lé e. Màmá á gba àkàrà. Bí mo bá ti gbé ife dé iwájú wọn, wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á wo ilẹ̀. N ó dúró díẹ̀, n ó kọjá. Gbogbo ìjọ ló ń rí i. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, ọdún dé, ọdún lọ, wọn kò gba ife lọ́wọ́ mi. Àwọn èèyàn ní Màmá kò lè gba ẹ̀jẹ̀ Olúwa lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ pátá ìlú. Èmi náà gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Ó dùn mí wọra, mi ò ní purọ́ fún yín.

Iṣẹ́ kò dúró ṣá. Iná dé, mo ra áyọ́ọ̀nù oníná. Iná lọ, mo padà sí elédùú. Mo ra jẹnẹrétọ̀, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí oníbàárà ń wí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ dé, ó ń fọ̀ ó ń yí, bọ́tìnnì oníbọ́tìnnì ń já sínú rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìwé orin ń lọ, ara ògiri ni wọ́n ń tan ọ̀rọ̀ orin sí. Bí iná bá lọ láàárín ẹsẹ kejì, àwa àgbà nìkan la ń kọrin dópin. Àwọn ọmọ yunifásítì láti Àgọ́-Ìwòyè ń fi ọ̀kadà gbé aṣọ ránṣẹ́, wọ́n ń tẹ̀ mí láago láàárín àdúrà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ṣé ó ti jáde?" Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bíṣọ́ọ̀bù a máa rán mi lọ sí ìjọ kékeré kan ní apá Wọ́tásàìdì, létí omi, láàárín àwọn apẹja. Àpò ńlá tí mo fi ń kó aṣọ ni mo kó kásọ́ọ̀kì àti ohun èlò ìdàpọ̀ sí nígbà àkọ́kọ́. Bí mo ṣe súre tán tí mo ń palẹ̀ mọ́, àwọn ìyá tò síwájú mi pẹ̀lú ẹrù aṣọ. Wọ́n ti gbọ́ orúkọ mi. Mo kó gbogbo rẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń rùn bí ẹja lórí ọ̀kadà, èmi pẹ̀lú ń rùn bí ẹja.

Bó ṣe rí nìyẹn kí Bàbá Ìjọ tuntun tó dé. Ó ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ó fẹ̀yìntì, ó padà wálé, ó sì fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì wa rí bíi ti Èkó. Ó ní kò bójú mu kí àlùfáà dúró nídìí pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú, kí a sì rí i tó ń sá pátá lọ́jọ́ kejì. Ó tún mú ọ̀rọ̀ omi tí mo fọ́n sórí pẹpẹ jáde, ohun tí a ti gbàgbé. Ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó, wọ́n ní kí n yan ọ̀kan: kí n ti ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí n kúrò nídìí pẹpẹ. Mo bi wọ́n pé bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, kí ni n ó máa jẹ. Ẹnì kan nínú wọn ní ìgbàgbọ́. Mo ní Ìyá Túndé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi méjì ṣì wà nílé ìwé, ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń bọ́ wọn. Pẹpẹ yẹn náà, ẹ̀mí mi wà níbẹ̀. Mi ò lè fi ìkankan sílẹ̀, mi ò sì sùn dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn.

Wọ́n ní àwọn kò ní kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù láìgbọ́ ti Ìyá Ìjọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ibi tí Màmá Tíṣà wà lórí ọ̀rọ̀ mi? Ìtàn ife yẹn ti dé Àtìkòrí. Màmá ti ṣubú lọ́dún náà, egungun ìbàdí wọn ti dá, orí àga onítáyà ni wọ́n ń jókòó sí. Torí náà pálọ̀ wọn ni ìgbìmọ̀ ti pàdé. Wọ́n ní kí n wá. Mo jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún.

Bàbá Ìjọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó parí rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ̀yin la fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ kì í gba ife lọ́wọ́ wọn."

Màmá wò mí. Wọ́n ní, "Jósáyà, sún mọ́bí." Mo sún mọ́ wọn. "Sọ ohun tí wo máa ń rí lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi fún wọn."

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Màmá, mi ò rántí nǹkan kan."

"Èmi ni mo ní kí wo sọ ọ́."

"Màmá, aṣọ funfun ni. Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo dá a padà."

Wọ́n mi orí, wọ́n yíjú sí ìgbìmọ̀. Ohùn tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́. Ọkọ mi tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, kó tó kú, ọdún pípẹ́ ló fi ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ ọwọ́. Jósáyà yìí ló ń fọ aṣọ náà, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Ta ló gbọ́ ọ rí nínú yín?"

Màmá wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Nígbà tí wọ́n fi í jẹ àlùfáà, ojú tì mí. Bó bá ti gbé ife dé iwájú mi, mo mọ̀ pé ó mọ̀. Ìtìjú ni mo fi ń bo ẹnu, ẹ̀yin ń pè é ní ìgbéraga. Gbogbo ìgbà tó bá gun àga ìwàásù ni àyà mi ń já, mo ń rò pé òní ló máa sọ ọ́. Mo ti darúgbó tán, kò sọ ọ́. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé báyìí. Ẹ ní kó yan ọ̀kan. Bó bá yan pẹpẹ, ta ni yóò fọ tèmi? Bó bá yan ọṣẹ, ta ni n ó jẹ́wọ́ fún?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kì í ṣe ọ̀rọ̀ Màmá nìkan ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Gbogbo àwọn tó jókòó yẹn ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rí i tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wò mí, tó ń yíjú, tó ń ro aṣọ ara rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Akápò ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Bàbá Ìjọ húkọ́, ó ní bóyá kí a fi àdúrà parí ìpàdé, ó sì ní, "Àlùfáà, ẹ gbàdúrà fún wa." Kò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a jáde, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí bóyá mo rántí ṣòkòtò àwọ̀ eérú kan. Mo ní ṣòkòtò wo. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dúpẹ́ títí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rántí ṣòkòtò náà dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá Tíṣà kó aṣọ ránṣẹ́ sí mi. Òwú pupa tí mo fi sàmì sí i ṣì wà níbẹ̀, alágbàfọ̀ tí wọ́n gbé e lọ bá kò tú u.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti àga onítáyà Màmá wá síwájú pẹpẹ. Fíkà fún wọn ní àkàrà. Mo gbé ife tẹ̀ lé e. Mò ń gbàdúrà pé kí ó má dà sí wọn láṣọ, torí èmi náà ni n ó fọ̀ ọ́. Mo dé iwájú wọn. Wọn kò bo ẹnu. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí lójú kòrókòró, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú pẹ̀lú ọwọ́ mi, wọ́n sì mu. Wọ́n mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti ọdún pípẹ́, títí tí mo fi ní láti rọra fà á lọ́wọ́ wọn, nítorí ìlà gùn lẹ́yìn wọn, ó sì yẹ kó kan àwọn yòókù.